Ta Ni A Fi Rẹ́rìn-ín? Bí Àwọn Òǹkàwé Ṣe Gba Àròkọ David Sedaris

Ní ọdún 2000 ni ilé-iṣẹ́ Little, Brown gbé ìwé Me Talk Pretty One Day jáde. David Sedaris, ọmọ Amẹ́ríkà tí bàbá rẹ̀ wá láti ìdílé àwọn Gíríìkì, ló kọ ọ́. Àkójọ àròkọ ni. Oǹkọ̀wé náà ń ròyìn ara rẹ̀, àwọn òbí rẹ̀, Lisa ẹ̀gbọ́n rẹ̀ àti àwọn àbúrò rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, bí wọ́n ṣe dàgbà ní ìlú Raleigh ní North Carolina, àti bí òun ṣe kó lọ sí ilẹ̀ Faransé nígbà tó ti lé lẹ́ni ogójì ọdún. Ìwé náà gba ẹ̀bùn Thurber, tí wọ́n ń fún ìwé àwàdà ní Amẹ́ríkà, ní ọdún 2001. Síbẹ̀, ẹnì kan lè máa ka ìwé yìí nínú ọkọ̀ kó máa rẹ́rìn-ín títí àwọn èrò á fi máa wò ó, kí ẹlòmíì sì ka ojú ìwé kan náà kí ojú rẹ̀ le koko. Àwàdà tí èèyàn fi ìgbésí ayé ara rẹ̀ ṣe kì í mọ sórí ẹni náà nìkan. Ó máa ń kan bàbá, ìyá, olùkọ́, ará àdúgbò àti àlejò. Ibi tí òǹkàwé bá dúró sí, láàárín ẹni tó ń rẹ́rìn-ín àti ẹni tí wọ́n ń fi rẹ́rìn-ín, ló ń pinnu bí ìwé náà ṣe máa rí lójú rẹ̀.

Rédíò ló kọ́kọ́ gbé Sedaris síta. Ira Glass, tó padà dá ètò This American Life sílẹ̀, gbọ́ ọ níbi tó ti ń ka àkọsílẹ̀ ojoojúmọ́ rẹ̀ fún àwọn èèyàn ní Chicago, ó sì pè é sórí afẹ́fẹ́. Ní oṣù Kejìlá ọdún 1992, lórí rédíò NPR, ó ka ìtàn iṣẹ́ tó ṣe ní ṣọ́ọ̀bù ńlá Macy's ní New York: bí wọ́n ṣe wọ aṣọ ọmọ ọ̀dọ̀ Bàbá Kérésì fún un nígbà ọdún, tó ń tọ́jú àwọn òbí àti ọmọ tó tò lọ láti wá rí Bàbá Kérésì. Láti ìgbà náà ni ọ̀pọ̀ ti mọ ohùn rẹ̀ kí wọ́n tó mọ ìwé rẹ̀. Ohùn tín-ín-rín ni, kì í sì í kánjú. Ẹni tó ti gbọ́ ohùn yẹn rí máa ń gbọ́ ọ lábẹ́ ọ̀rọ̀ tó ń kà. Ó mọ ibi tí ẹ̀fẹ̀ wà. Ẹni tí kò gbọ́ ọ rí lè ka gbólóhùn kan náà kó rò pé aláròyé lásán ni, tàbí ẹni tí ẹnu rẹ̀ mú láìnídìí. Sedaris fúnra rẹ̀ mọ̀ pé etí ni iṣẹ́ òun wà fún. Kí àròkọ kan tó wọ ìwé, ó ti máa ń kà á fún èrò láti ìlú dé ìlú pẹ̀lú pẹ́ńsù lọ́wọ́. Á sàmì sí ibi tí wọ́n ti rẹ́rìn-ín, á sì sàmì sí ibi tí wọ́n ti húkọ́, torí pé bí ikọ́ bá ti ń pọ̀ nínú gbọ̀ngàn, ọ̀rọ̀ ti ń sú àwọn èèyàn nìyẹn. Lẹ́yìn náà ni yóò lọ tún un kọ.

Ohun tí ọ̀pọ̀ òǹkàwé fi fẹ́ràn ìwé yìí ni pé orí ara rẹ̀ ni Sedaris ti máa ń bẹ̀rẹ̀ ẹ̀rín. Nínú àròkọ àkọ́kọ́, ọmọ iléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni, ahọ́n rẹ̀ kò sì lè pe “s” bó ṣe yẹ. Lọ́sẹ̀ lọ́sẹ̀ ni olùkọ́ kan ń pè é jáde kúrò ní kíláàsì láti tún ahọ́n rẹ̀ ṣe. Kàkà kí ọmọ náà kọ́ bí wọ́n ṣe ń pè é, ńṣe ló ń sá fún gbogbo ọ̀rọ̀ tó ní “s” nínú, tó ń fi ọ̀rọ̀ gbàgìdì-gbàgìdì tí àgbàlagbà pàápàá kì í sọ rọ́pò wọn. Nígbà tí ẹ̀kọ́ wọn fẹ́ parí, olùkọ́ náà ro ẹjọ́ ayé ara rẹ̀ fún un bí ẹni tí ìbànújẹ́ ti borí. Àánú ṣe ọmọ, ó bẹ̀rẹ̀ sí í bá a kẹ́dùn, ni “s” tó ti ń sá fún látọjọ́ yìí bá bọ́ lẹ́nu rẹ̀ ní wíwọ́. Olùkọ́ bú sẹ́rìn-ín. Ẹni tí wọ́n ti fi ṣẹ̀sín rí nílé ìwé kì í tètè kúrò níbí yìí, nítorí ẹ̀rín àti ọgbẹ́ jọ wà níbẹ̀. Àwọn mìíràn rí ohun tó tún jinlẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Sedaris, tí ọkùnrin bíi tirẹ̀ ni olólùfẹ́ rẹ̀, kíyè sí i pé irú ọmọkùnrin kan náà ni wọ́n ń pè jáde, àwọn tí kò bìkítà fún bọ́ọ̀lù. Ó hàn pé ọ̀rọ̀ ahọ́n nìkan kọ́ ni wọ́n ń fẹ́ tún ṣe lára wọn.

Bó ṣe rí náà nìyẹn ní Paris. Sedaris, tó ti di àgbàlagbà, jókòó sí kíláàsì èdè Faransé níwájú olùkọ́ kan tó ń sọ ẹfun lu akẹ́kọ̀ọ́, tó sì ń bú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Lọ́jọ́ tí ojú rẹ̀ là, èébú ni olùkọ́ ń rọ̀jò lé e lórí. Inú rẹ̀ dùn ju ti ẹni tí wọ́n yìn lọ, torí pé gbogbo ọ̀rọ̀ èébú náà ló yé e. Ọ̀rọ̀-orúkọ Faransé tún pín sí akọ àti abo, kò sì lè rántí èwo ni èwo. Ó wá pinnu pé òun á máa ra nǹkan ní méjì-méjì, nítorí bí nǹkan bá ti ju ẹyọ kan lọ, èèyàn lè dárúkọ rẹ̀ láìya akọ sọ́tọ̀ lára abo. Ni tòmátì bá pọ̀ ju bó ṣe yẹ lọ nínú ilé. Òǹkàwé Yorùbá ní Porto-Novo tàbí Kétu, tó ti jẹ ìyà akọ àti abo Faransé nílé ìwé, kò nílò kí ẹnikẹ́ni ṣàlàyé ẹ̀fẹ̀ yìí fún òun.

Àwọn tí kò fẹ́ràn ìwé náà wà, ìdí wọn kò sì jọra. Àwọn kan kò lè fara da ọ̀rọ̀ rírùn tó ń jáde lẹ́nu Paul, àbúrò rẹ̀ ọkùnrin, nínú àròkọ tó kọ nípa rẹ̀. Àwọn mìíràn kò rí ohun ẹ̀rín nínú àwọn ọdún tó fi ń lo oògùn olóró, tó sì ń pe ara rẹ̀ ní oníṣẹ́ ọnà. Àwọn kan gbádùn ti Raleigh, ti Paris sì sú wọn. Àwọn mìíràn wí òdìkejì.

Àríyànjiyàn tó le jù dá lórí òtítọ́. Ìtàn tó ṣẹlẹ̀ gan-an ni wọ́n pe àwọn ìwé Sedaris lọ́jà, kì í ṣe ìtàn àròsọ. Ní ọdún 2007, akọ̀ròyìn kan, Alex Heard, kọ ọ́ sínú ìwé ìròyìn The New Republic pé òun ti wádìí àwọn ìtàn náà wò. Ó bá àwọn tó mọ̀ nípa wọn sọ̀rọ̀, ó bá Sedaris náà sọ̀rọ̀, ó sì fi hàn pé Sedaris bu iyọ̀ sí ọ̀rọ̀ níbi púpọ̀, pàápàá nínú ìwé Naked tó jáde lọ́dún 1997, àti pé ó hùmọ̀ àwọn ibì kan. Sedaris kò sẹ́ pé òun máa ń sọ àsọdùn. Àwọn òǹkàwé pín sí méjì. Apá kan ní ta ló ń ti ẹnu aláwàdà gbọ́ ẹ̀rí ilé ẹjọ́? Apá kejì rántí James Frey, oǹkọ̀wé mìíràn tí àṣírí irọ́ inú ìwé rẹ̀ tú lọ́dún 2006, wọ́n ní bí irọ́ bá burú fún ẹnì kan, ó burú fún gbogbo ayé. Ọ̀rọ̀ Frey àti ti Sedaris kò rí bákan náà. Ìyà tí kò jẹ ni Frey fi wá àánú àwọn tí ìyà ń jẹ ní tòótọ́. Ẹni tó sọ àsọdùn nípa ìwà òmùgọ̀ ara rẹ̀ kò gba nǹkan kan lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ṣùgbọ́n ibi tó bá ti fi ọ̀rọ̀ sẹ́nu ẹni tó wà láàyè, Heard jàre. Nínú ìwé tó gbé jáde lọ́dún 2008, Sedaris fi àkíyèsí síwájú pé àwọn ìtàn náà sún mọ́ òtítọ́, ó dúró síbẹ̀.

Òǹkàwé kan tún wà tí kò sí irú rẹ̀, ìyẹn ẹni tó bá ara rẹ̀ nínú ìwé. Nígbà tí olùdarí fíìmù Wayne Wang fẹ́ sọ Me Talk Pretty One Day di fíìmù, Lisa bẹ̀rẹ̀ sí í dààmú nípa bí wọ́n ṣe máa fi òun hàn, Sedaris sì fa ọwọ́ sẹ́yìn. Ó kọ ìtàn ìyẹn náà sínú ìwé rẹ̀ tọdún 2004, kò sì dá ara rẹ̀ láre níbẹ̀. Amy, àbúrò rẹ̀ tó jẹ́ òṣèré, kì í bínú sí i. Tiffany, àbúrò rẹ̀ obìnrin mìíràn, sọ fún akọ̀ròyìn ní 2004 pé òun ti bẹ̀ ẹ́ kó má kọ nípa òun. Tiffany fọwọ́ ara rẹ̀ pa ara rẹ̀ ní 2013, Sedaris sì kọ nípa ikú náà sínú The New Yorker lọ́dún yẹn kan náà. Àwọn òǹkàwé kan sunkún, wọ́n ní ọ̀fọ̀ tí kò fi nǹkan kan pamọ́ nìyẹn. Àwọn mìíràn bínú, wọ́n ní òkú kò lè fèsì. Ó ṣòro láti sọ pé àwọn tó bínú ṣì í.

Ọdún 2011 ni ìbínú mìíràn ṣẹlẹ̀, nígbà tó kọ sínú The Guardian nípa ìrìn àjò tó rìn lọ sí Ṣáínà: itọ́ tí àwọn èèyàn ń tu sílẹ̀, ilé ìyàgbẹ́, oúnjẹ tí kò fẹ́ fi kan ẹnu. Ọ̀pọ̀ òǹkàwé, àwọn ará Ṣáínà tó wà nílẹ̀ òkèèrè nínú wọn, ní ìwọ̀sí ni. Ọwọ́ kan náà ló kọ àròkọ yìí àti ti Paris, ṣùgbọ́n ní Paris, òun ni òpè tí kò gbọ́ èdè, tí ọmọ kékeré ń sọ̀rọ̀ jù ú lọ. Ní Ṣáínà, ó di adájọ́ tó ń wo àwọn èèyàn láti òkè wá, ẹ̀rín kankan kò sì padà sórí òun fúnra rẹ̀.

Bàbá rẹ̀, Lou, kú lọ́dún 2021, ìwé Happy-Go-Lucky sì jáde lọ́dún tó tẹ̀ lé e. Nínú ìwé 2000, ẹni ẹ̀rín ni Lou: ahun tó ń tọ́jú oúnjẹ pamọ́ títí yóò fi jẹrà, tó tiẹ̀ jẹ ègé fìlà ara rẹ̀ lẹ́nu nígbà kan, tó rò pé oúnjẹ ni. Nínú ìwé tuntun, ó di bàbá tó ń tẹ́ńbẹ́lú ọmọ, tí ọmọ kò sì rí ìfẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ títí ó fi dàgbà. Àwọn òǹkàwé kan ní ìwé náà korò jù, pé aláwàdà tí àwọn mọ̀ ti sọ nù. Àwọn mìíràn, pàápàá àwọn tó ti tọ́jú bàbá tó le lójú àìsàn, ní ìsinsìnyí ló tó sọ òdodo ọ̀rọ̀, wọ́n sì padà lọ ka àwọn ìtàn Raleigh pẹ̀lú ojú tuntun.