Bakitéríà Inú Ìfun àti Àrùn Ìfun Wíwú: Ohun tí Ìwádìí ní Agbègbè Akanran Gbọ́dọ̀ Kọ́kọ́ Yanjú

1. Ìfáárà

Àrùn ìfun wíwú tí àpilẹ̀kọ yìí ń gbé yẹ̀ wò kì í ṣe inú rírun ọjọ́ kan, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe ìgbẹ́ gbuuru tí ó ń lọ bí ọ̀sẹ̀ kan bá pé. Àrùn méjì ni orúkọ náà kó pọ̀. Èkíní ni egbò ìfun ńlá, tí àwọn oníṣègùn ń pè ní ulcerative colitis. Èkejì ni àrùn Crohn, tí Burrill Crohn àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ méjì, Ginzburg àti Oppenheimer, ṣàpèjúwe ní New York ní ọdún 1932. Nínú méjèèjì, àwọn ẹ̀ṣọ́ tí ó yẹ kí ó máa gbèjà ara ni ó ń dojú ìjà kọ ìfun. Aláìsàn a máa yàgbẹ́ ẹlẹ́jẹ̀, inú a máa run ún, a sì máa rù. Àrùn náà a rọlẹ̀, a tún padà dé, fún ọ̀pọ̀ ọdún.

Ó pẹ́ tí àwọn oníṣègùn ti ń sọ pé àrùn yìí kò wọ́pọ̀ ní Áfíríkà. Ní ọdún 2012, nígbà tí a kó àkọsílẹ̀ ilé ìwòsàn ńlá mẹ́ta ní gúúsù Nàìjíríà jọ, ìwọ̀nba aláìsàn díẹ̀ ni a rí. Ìtumọ̀ méjì ni àìwọ́pọ̀ yìí lè ní. Ó lè jẹ́ pé oúnjẹ àti bakitéríà inú ìfun ń dáàbò bo àwọn ènìyàn. Ó sì lè jẹ́ pé àrùn náà wà, ṣùgbọ́n orúkọ mìíràn ni a ń pè é. Èrò àpilẹ̀kọ yìí ni pé kò sí ìwádìí bakitéríà kan tí yóò fẹsẹ̀ múlẹ̀ ní Akanran bí kò bá kọ́kọ́ ya ìtumọ̀ méjèèjì sọ́tọ̀.

2. Iṣẹ́ bakitéríà nínú ìfun

Àìmọye bakitéríà ni ó ń gbé inú ìfun ńlá ènìyàn, ọ̀pọ̀ wọn kì í sì í ṣe ọ̀tá. Èròjà inú ewé, èèpo ọkà àti ẹ̀wà tí kò bá dà nínú ìfun kékeré ni oúnjẹ wọn. Bí wọ́n ti ń jẹ ẹ́ ni wọ́n ń pèsè àwọn ásíìdì kéékèèké. Ọ̀kan nínú wọn, butyrate, ni oúnjẹ pàtàkì fún awọ inú ìfun ńlá. Ó sì tún ń pẹ̀tù sí ìbínú àwọn ẹ̀ṣọ́ ara.

Ẹ̀rí pé bakitéríà lọ́wọ́ nínú àrùn náà pọ̀. Ní ọdún 1993, Kühn àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Jámánì ṣiṣẹ́ lórí àwọn eku tí kò ní IL-10, èròjà tí ó ń pẹ̀tù sí ìjà nínú ara. Ìfun àwọn eku náà wú. Ní ọdún 1998, ìwádìí mìíràn fi hàn pé bí a bá tọ́ irú eku bẹ́ẹ̀ níbi tí bakitéríà kankan kò lè dé, ìfun wọn kì í wú. Ní ọdún 2008 ẹ̀wẹ̀, Sokol àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní ilẹ̀ Faransé rí i pé Faecalibacterium prausnitzii, tí í ṣe ọ̀kan nínú àwọn tí ń pèsè butyrate, dín kù lára àwọn tí ó ní àrùn Crohn.

Síbẹ̀, ìdínkù yìí nìkan kò fi ohun tí ó fa àrùn hàn. Ìfun tí ó ti wú kì í ṣe ibùgbé tí ó rọrùn mọ́ fún irú bakitéríà bẹ́ẹ̀. Ó lè jẹ́ pé lílọ wọn ni ó fa àrùn. Ó sì lè jẹ́ pé àrùn ni ó lé wọn lọ.

3. Oúnjẹ ìgbèríko

Ní ọdún 2010, De Filippo àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi ìgbẹ́ àwọn ọmọdé abúlé Boulpon ní Burkina Faso wé ti àwọn ọmọdé Florence ní Ítálì. Prevotella àti àwọn ásíìdì kéékèèké pọ̀ púpọ̀ lára àwọn ti Boulpon, tí ọkà àti ewébẹ̀ jẹ́ oúnjẹ wọn. Ní ọdún 2015, O'Keefe àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé oúnjẹ ìgbèríko South Africa fún 20 aláwọ̀ dúdú ní Amẹ́ríkà, wọ́n sì gbé oúnjẹ Amẹ́ríkà fún 20 ará ìgbèríko South Africa. Láàárín ọ̀sẹ̀ méjì péré, butyrate lọ sókè lára àwọn ará Amẹ́ríkà, àmì ìfun wíwú sì dín kù. Òdìkejì ni ó ṣẹlẹ̀ sí àwọn ìyókù. Jẹjẹrẹ ìfun ni wọ́n ń wá ìdí rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ náà kan ọ̀rọ̀ yìí.

Kò yẹ kí a tìtorí èyí sọ pé gbogbo oúnjẹ ilẹ̀ wa ni ó ń bọ́ bakitéríà. Ẹ jẹ́ kí ògì ṣe àpẹẹrẹ. Akinrele tẹ ìwádìí jáde ní ọdún 1970 lórí bí àgbàdo ṣe ń kan nígbà tí a bá ń ṣe ògì. Bakitéríà ni ó ń ṣe iṣẹ́ náà. Ṣùgbọ́n bí a bá ti sẹ́ ògì, èèrí tí àwọn ewúrẹ́ ń jẹ ni ó kó èyí tí ó pọ̀ jù nínú ohun tí bakitéríà ìfun ìbá rí jẹ lọ. Bí a bá sì ti fi iná dá a, bakitéríà inú rẹ̀ kú. Ẹni tí ó ń mu omidùn, èyíinì ni omi orí ògì, láìsè é ni ó ń gbé wọn mì láàyè. Bí ẹ̀kọ bá sì tutù tí ó dì, apá kan nínú rẹ̀ kì í dà mọ́ ní ìfun kékeré. Ìfun ńlá ni ó ń dé. Nítorí náà, kò tó kí olùwádìí kọ “ẹ̀kọ” sílẹ̀ lásán. Bí a ti ṣe é àti bí a ti jẹ ẹ́ gbọ́dọ̀ hàn.

4. Bí àrùn ṣe lè wà kí a má rí i

Ní ìgbèríko Ìbàdàn, orúkọ ti wà nílẹ̀ fún ìgbẹ́ ẹlẹ́jẹ̀: ìgbẹ́ ọ̀rìn tàbí jẹ̀díjẹ̀dí. Àgbo ni aláìsàn máa ń kọ́kọ́ mu, tàbí kí ó ra oògùn apakòkòrò ní ṣọ́ọ̀bù. Bí àrùn ìfun wíwú bá rọlẹ̀ fúnra rẹ̀, gẹ́gẹ́ bí ìṣe rẹ̀, oògùn ni yóò gba ìyìn. Ìgbà tí ó bá padà dé, a ó ní jẹ̀díjẹ̀dí ni ó tún gbé e.

Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ti orúkọ lásán. Àmíbà àti ikọ́ ẹ̀gbẹ tí ó wọ ìfun lè fara jọ àrùn ìfun wíwú gan-an. Oògùn steroid tí ó ń rọ ìbínú ẹ̀ṣọ́ ara ni a fi ń tọ́jú àrùn ìfun wíwú nígbà tí ó bá gbóná. Bí a bá fún ẹni tí ó ní àmíbà ní oògùn yìí, ìfun rẹ̀ lè lu. Bí ó bá jẹ́ ikọ́ ẹ̀gbẹ ni, àrùn náà lè ràn ká gbogbo ara. Lọ́nà kejì, ẹni tí ó ní àrùn Crohn tí a ń fún ní oògùn apakòkòrò nìkan yóò máa rù lọ ni. Àṣìmọ̀ ní ìhà méjèèjì lè gba ẹ̀mí.

5. Irú ìwádìí tí ó yẹ

Ayeni ti Yunifásítì Ìbàdàn àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ti fi bakitéríà ìfun àwọn Bassa ìgbèríko wé ti àwọn ará ìlú ní Nàìjíríà ní ọdún 2018. Iṣẹ́ ńlá kan tí ó jáde ní ọdún 2025 yẹ ìgbẹ́ obìnrin 1,801 wò ní Burkina Faso, Gánà, Kẹ́ńyà àti South Africa. Iṣẹ́ méjèèjì ṣe pàtàkì, ṣùgbọ́n kì í ṣe àrùn ìfun wíwú ni wọ́n dá lé.

Ìwádìí ní Akanran nílò ọ̀wọ́ ènìyàn mẹ́ta tí oúnjẹ wọn kò yàtọ̀: àwọn tí ó ní àrùn ìfun wíwú, àwọn tí ó ní ìgbẹ́ ọ̀rìn, àti àwọn tí ara wọn le. Ẹ̀rọ tí a fi ń wo inú ìfun ni ó gbọ́dọ̀ fìdí àrùn múlẹ̀ ní ilé ìwòsàn bí UCH, kí a sì ti wá àmíbà àti ikọ́ ẹ̀gbẹ tì. Kí a gba ìgbẹ́ kí ìtọ́jú tó bẹ̀rẹ̀, kí a sì tún un gbà ní òjò àti ní ẹ̀ẹ̀rùn, nítorí oúnjẹ a máa yí padà. Kí a kọ gbogbo àgbo àti oògùn apakòkòrò tí ẹni náà ti lò sílẹ̀, nítorí oògùn lè pa bakitéríà tí olùwádìí yóò sọ pé àrùn ni ó pa.

6. Àgbálọgbábọ̀

A ti rí i pé bakitéríà inú ìfun lọ́wọ́ nínú àrùn ìfun wíwú, àti pé oúnjẹ ń yí wọn padà kíákíá. Èyí kò tó láti sọ pé oúnjẹ Akanran ni ó ń lé àrùn náà sẹ́yìn. Bí ojú bá fara balẹ̀, yóò rí imú. Títí a ó fi mọ ẹni tí ó ní àrùn yìí láàárín àwọn tí a ń pè ní ẹlẹ́jẹ̀díjẹ̀dí, iye tí ó wà nínú ìwé ilé ìwòsàn kò lè dúró gẹ́gẹ́ bí iye tí ó wà ní ìlú.