Àbọ̀ Ọ̀rọ̀ Gẹ́gẹ́ Bí Ẹ̀rí: Ìtọpinpin Ẹgbẹ́ Akórìíra Nínú Ẹjọ́ Michael Donald

Ìfáárà

Ẹgbẹ́ akórìíra ni ẹgbẹ́ tí ó fi ìkórìíra ẹ̀yà, àwọ̀ tàbí ẹ̀sìn ẹlòmíràn ṣe ìpìlẹ̀ ara rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà pé iṣẹ́ ọlọ́pàá nìkan ni láti máa ṣọ́ irú ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀, àti pé ìgbà tí ẹ̀jẹ̀ bá ti ta sílẹ̀ ni iṣẹ́ náà ń bẹ̀rẹ̀. Èrò yìí kò kún tó. Ọ̀rọ̀ tí ẹgbẹ́ fúnra rẹ̀ tẹ̀ jáde wà lára ohun tí ó yẹ kí a tọ́jú, nítorí pé ìtumọ̀ rẹ̀ lè di ohun tí ilé-ẹjọ́ yóò gùn lé. Ẹjọ́ Michael Donald ní ìlú Mobile, ìpínlẹ̀ Alabama, ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà, jẹ́ àpẹẹrẹ pàtàkì.

Ìṣẹ̀lẹ̀ náà

Ìlú Pulaski ní ìpínlẹ̀ Tennessee ni Ku Klux Klan ti bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1865. Nígbà tí ó yá, ó pín sí ẹ̀ka púpọ̀. Ọ̀kan tí ó lágbára nínú wọn ni United Klans of America, tí Robert Shelton jẹ́ olórí rẹ̀. Ní oṣù kẹta ọdún 1981, ilé-ẹjọ́ kan ní Mobile gbọ́ ẹjọ́ ọkùnrin aláwọ̀ dúdú kan tí wọ́n fẹ̀sùn kàn pé ó pa ọlọ́pàá aláwọ̀ funfun. Àwọn júrì, ìyẹn àwọn ará ìlú tí òfin ibẹ̀ yàn láti dá ẹjọ́, kò lè fohùn ṣọ̀kan. Inú bí àwọn ọmọ ẹgbẹ́ náà. Henry Hays àti James Knowles wa ọkọ̀ jáde lóru, wọ́n rí Michael Donald, ọmọ ọdún 19, tí ẹjọ́ náà kò kàn rárá. Wọ́n pa á, wọ́n sì so òkú rẹ̀ rọ̀ sára igi ní òpópónà.

(Ẹ̀bá Mobile yìí kan náà ni ọkọ̀ Clotilda kó ẹrú dé ní ọdún 1860. Ìwádìí Sylviane Diouf fi hàn pé ọmọ Yorùbá láti agbègbè Bantè, ní orílẹ̀-èdè Benin òde òní, ni Kossola tí wọ́n ń pè ní Cudjo Lewis.)

Ọlọ́pàá kọ́kọ́ fura pé ọ̀rọ̀ oògùn olóró ni ó fa ikú náà. Ìyá olóògbé, Beulah Mae Donald, kò gbà. Ó ní kí wọ́n ṣí pósí sílẹ̀ kí gbogbo ayé lè rí ohun tí wọ́n fi ojú ọmọ òun rí. Ó di ọdún 1983 kí ọwọ́ òfin tó tẹ àwọn apànìyàn náà. Knowles jẹ́wọ́, ó sì gba ẹ̀wọ̀n gbére. Wọ́n pa Hays ní ọdún 1997 gẹ́gẹ́ bí ìdájọ́ ilé-ẹjọ́.

Àbọ̀ ọ̀rọ̀ àti odidi rẹ̀

Àjọ Southern Poverty Law Center, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní ìlú Montgomery ní ọdún 1971, dá ẹ̀ka Klanwatch sílẹ̀ ní ọdún 1981 láti máa tọpinpin Klan. Ní ọdún 1983, àwọn ọmọ Klan dáná sun ọ́fíìsì àjọ náà. Ní ọdún 1984, agbẹjọ́rò Morris Dees àti Michael Figures bá ìyá olóògbé pe ẹgbẹ́ náà lẹ́jọ́ fún owó gbà-má-bínú. Ìṣòro ibẹ̀ hàn kedere: báwo ni ènìyàn yóò ṣe fi hàn pé ẹgbẹ́ tí olórí rẹ̀ kò sí níbẹ̀ lọ́wọ́ nínú ikú ọmọ náà?

Lára ẹ̀rí tí wọ́n mú wá ni ojú ìwé méjì láti inú The Fiery Cross, ìwé ìròyìn ẹgbẹ́ náà. Ní ojú ìwé àkọ́kọ́, aláwọ̀ funfun kan ń sọ̀rọ̀ bí ẹni tí àánú aláwọ̀ dúdú ń ṣe: ó ní kí wọ́n fún wọn ní ohun tí ó tọ́ sí wọn. Bí òǹkàwé bá ṣí ìwé, àwòrán aláwọ̀ dúdú tí wọ́n so rọ̀ ni yóò rí. Kò sí ọ̀rọ̀ kan nínú rẹ̀ tí ó sọ pé ‘ẹ pa wọ́n’. Àwọn Yorùbá ní àbọ̀ ọ̀rọ̀ là ń sọ fún ọmọlúàbí, bó bá dénú rẹ̀ a di odidi. Ọgbọ́n kan náà ni àwọn akórìíra lò, ṣùgbọ́n kì í ṣe ọmọlúàbí ni wọ́n ń bá sọ̀rọ̀. Knowles jẹ́rìí ní ilé-ẹjọ́ pé bí àṣẹ ni òun ṣe lóye àwòrán náà. Ó sunkún, ó sì bẹ ìyá olóògbé. Ìyá náà dáhùn pé òun ti dárí jì í.

Ní oṣù kejì ọdún 1987, àwọn júrì, tí gbogbo wọn jẹ́ aláwọ̀ funfun, dá ẹgbẹ́ náà lẹ́bi, wọ́n sì ní kí ó san mílíọ̀nù 7 dọ́là. Ẹgbẹ́ náà kò ní irú owó bẹ́ẹ̀. Ilé ìpàdé rẹ̀ ni ó bọ́ sí ọwọ́ ìyá olóògbé. Ó tà á ní owó tí ó lé díẹ̀ ní 50,000 dọ́là, ó sì fi ra ilé, àkọ́kọ́ irú rẹ̀ tí yóò ní láyé. Ọdún tí ó tẹ̀ lé e ni ó kú. United Klans kò gbérí mọ́.

Ewu tí ó wà nínú ìtumọ̀

Òfin Amẹ́ríkà kò ka ìkórìíra nìkan sí ẹ̀ṣẹ̀. Nínú ẹjọ́ Brandenburg ní ọdún 1969, olórí Klan kan ní Ohio ni ilé-ẹjọ́ tí ó ga jù lọ dá láre, nítorí pé ọ̀rọ̀ tí ń ti ènìyàn sí ìwà ipá lójú ẹsẹ̀ nìkan ni ìjọba lè fìyà jẹ olùsọ rẹ̀. Ìlànà yìí tọ̀nà, bí ó tilẹ̀ korò, torí pé ẹni tí ń túmọ̀ ọ̀rọ̀ ẹlòmíràn lè ṣì í. Ní ọdún 2018, Southern Poverty Law Center fúnra rẹ̀ tọrọ àforíjì, ó sì san mílíọ̀nù 3.375 dọ́là fún Maajid Nawaz àti àjọ rẹ̀, nítorí pé ó ti kọ orúkọ ọkùnrin náà mọ́ àwọn alákatakítí tí ń tako Mùsùlùmí.

Síbẹ̀, ọ̀nà tí wọ́n gbà ní Mobile kò tíì parun. Lẹ́yìn ìwọ́de Charlottesville ní ọdún 2017, ọ̀rọ̀ tí àwọn olùṣètò rẹ̀ kọ sí ara wọn lórí íntánẹ́ẹ̀tì di ẹ̀rí. Àwọn kan nínú wọn sọ pé àwàdà lásán ni. Ní ọdún 2021, àwọn júrì ní kí wọ́n san owó tí ó lé ní mílíọ̀nù 25 dọ́là, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn adájọ́ tún iye owó náà yẹ̀ wò lẹ́yìn náà.