Ibi Tí Haidirójìn Ń Gbé Nínú Mẹ́tàlì

Bí a bá sọ fún ènìyàn pé mẹ́tàlì líle a máa fa gáàsì mu gẹ́gẹ́ bí kànrìnkàn ti í fa omi mu, yóò ṣòro fún un láti gbà á gbọ́. Síbẹ̀, òtítọ́ ni. Ní ọdún 1866, Thomas Graham, onímọ̀ kẹ́mísírì ọmọ ilẹ̀ Scotland, kéde pé palladium, mẹ́tàlì funfun kan, a máa fa haidirójìn mu lọ́pọ̀lọpọ̀. Haidirójìn tí ó lè wọ inú rẹ̀ tó nǹkan bí ìlọ́po 900 àyè tí mẹ́tàlì náà fúnra rẹ̀ gbà. Àpapọ̀ àwọn méjèèjì ni à ń pè ní háídráìdì. Níbo wá ni gbogbo gáàsì náà wọlé sí?

Àtẹ ọlọ́sàn lè là wá lójú. Ẹni tí ó bá ti ná ọjà Ṣáṣá lẹ́bàá Ìbàdàn, tàbí ọjà abúlé mìíràn ní agbègbè Akínyẹlé, yóò mọ bí wọ́n ti í to ọsàn: mẹ́ta nísàlẹ̀, ọ̀kan lórí. Bí ó ti wù kí àwọn ọsàn náà fún mọ́ra tó, àlàfo kékeré kan kò ní ṣàì wà láàárín wọn. Ẹyọ ẹ̀pà kan lè gbé ibẹ̀ láìtú òkìtì náà ká. Bí a bá sì gbé ọsàn mẹ́ta lé mẹ́ta, kí ti òkè wà ní ojú kòtò tí ti ìsàlẹ̀ dá sílẹ̀, àlàfo àárín ọsàn mẹ́fà yìí yóò tóbi ju ti àkọ́kọ́ lọ.

Bí àwọn átọ̀mù palladium ṣe tò nìyẹn. Ìtò tí kò yí padà láti ìpẹ̀kun kan dé èkejì yìí ni à ń pè ní kírísítálì. Átọ̀mù kọ̀ọ̀kan fara kan 12 mìíràn. Fún átọ̀mù kan, àlàfo ńlá kan wà àti kékeré méjì. Méjì-méjì ni átọ̀mù haidirójìn so pọ̀ nínú gáàsì; bí wọ́n bá dé ara mẹ́tàlì, wọn a pínyà, oníkálukú a sì wọ àlàfo ńlá tirẹ̀. Nígbà tí ooru kò bá pọ̀, nǹkan bí 6 tàbí 7 nínú àlàfo 10 ni ó máa ń kún.

Kò rọrùn láti rí èyí. Átọ̀mù haidirójìn kéré tó bẹ́ẹ̀ tí ìtànṣán X kò fi lè fi í hàn dáadáa. Ní ọdún 1957, Clifford Shull àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Amẹ́ríkà lo neutron láti fi ibùgbé rẹ̀ hàn.

Ìmọ̀ yìí wúlò. Irú háídráìdì bẹ́ẹ̀, èyí tí a fi lanthanum àti nickel ṣe, wọ inú bátìrì, títí kan ti ọkọ̀ Toyota Prius tí ó jáde ní ilẹ̀ Japan ní ọdún 1997. Ṣùgbọ́n àlejò a máa fẹ ilé. Bí haidirójìn bá kún inú lanthanum àti nickel, mẹ́tàlì náà a wú ní nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́rin. Bí apẹ̀rẹ̀ tòmátì tí a kì jù ti í ya, bẹ́ẹ̀ ni mẹ́tàlì tí ń wú tí ó sì ń sún kì lemọ́lemọ́ a máa fọ́ di lẹ́búlẹ́bú. Ìdí nìyí tí àwọn tí ń ṣe bátìrì fi ń po cobalt àti àwọn mẹ́tàlì mìíràn mọ́ ọn, kí wíwú náà lè dínkù. Irin líle pẹ̀lú kò bọ́ nínú ewu yìí: haidirójìn díẹ̀ tí ó bá wọ inú rẹ̀ láìròtẹ́lẹ̀ lè mú kí ó sán lójijì.

Olùkọ́ tí kò ní yàrá àyẹ̀wò lè fi ọsàn mẹ́fà àti ẹyọ ẹ̀pà kan kọ́ni ní ẹ̀kọ́ yìí. Kí ó jẹ́ kí akẹ́kọ̀ọ́ to ọsàn náà fúnra wọn, kí wọ́n wá ibi tí ẹ̀pà lè gbé, kí wọ́n sì sọ ohun tí yóò ṣẹlẹ̀ bí ẹ̀pà náà bá tóbi ju àlàfo rẹ̀ lọ. Ẹni tí ó bá lè dáhùn ìbéèrè ìkẹyìn yìí ti mọ ìdí tí háídráìdì fi wúlò, ó sì ti mọ ìdí tí ó fi léwu.