Ọ̀nà Kan, Orúkọ Mẹ́ta

Ní ọjọ́ kan tí àwa akẹ́kọ̀ọ́ mélòó kan tẹ́ àwòrán ilẹ̀ Amẹ́ríkà sílẹ̀ láti múra ẹ̀kọ́ jọ́gíráfì tí a ó kọ́ àwọn ọmọdé, ọ̀kan nínú wa ṣe àkíyèsí ohun kan tí ó yà á lẹ́nu. Ó ń fi ìka tọ ọ̀nà kan tí nọ́ńbà rẹ̀ jẹ́ 1 lọ. Nígbà tí ó dé ẹ̀bá ìlú Newark, ó rí i pé ọ̀nà náà là sí méjì, nọ́ńbà kan náà sì wà lórí méjèèjì. Ó ní, "Ṣé àwọn tí ó ya àwòrán yìí kò ṣì í yà?" Kò sí ẹni tí ó lè dá a lóhùn ní ọjọ́ náà. Ọ̀rọ̀ náà kò kúrò ní ọkàn mi, mo sì wádìí rẹ̀. Ohun tí mo rí ni mo fẹ́ sọ fún ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi àti ẹ̀yin olùkọ́ wa.

Kí a tó mọ ẹ̀ka, ó yẹ kí a mọ igi tí ó yọ ọ́. Títí di ọdún 1926, orúkọ ni wọ́n fi ń pe àwọn ọ̀nà ńlá ní Amẹ́ríkà. Ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan tí ó ń polówó ọ̀nà tirẹ̀ a máa fi ọ̀dà kun ara òpó ní ẹ̀bá ọ̀nà, ọ̀dà oríṣiríṣi a sì pọ̀ lára òpó kan ṣoṣo tó bẹ́ẹ̀ tí àlejò kò fi ní mọ èyí tí òun ń tọ̀. Ní ọjọ́ 11 oṣù November ọdún náà ni àwọn aláṣẹ ọ̀nà láti gbogbo ìpínlẹ̀ fọwọ́ sí ètò tuntun: ọ̀nà tí ó lọ láti àríwá sí gúúsù yóò gba nọ́ńbà bí 1, 3 àti 5, èyí tí ó lọ láti ìlà-oòrùn sí ìwọ̀-oòrùn yóò gba nọ́ńbà bí 2, 4 àti 6. Ọ̀nà 1 tí a ń sọ yìí bẹ̀rẹ̀ ní Fort Kent lẹ́bàá ààlà Kánádà, ó sì parí sí Key West ní Florida, ó lé ní 2,300 ibùsọ̀. Ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan ni ó ń tún apá tirẹ̀ ṣe. Nọ́ńbà nìkan ni ó so gbogbo rẹ̀ pọ̀.

Ní ìgbà náà, kò sí ọ̀nà ńlá tí kì í gba àárín ìlú kọjá. Iwájú ilé ìtajà àti ilé ẹjọ́ ni ó ń gbà, inú àwọn ará ìlú sì dùn sí i, nítorí ẹni tí ń kọjá kò lè ṣàì rí ọjà tí a pàtẹ. Ṣùgbọ́n nígbà tí mọ́tò pọ̀ sí i, tí àwọn ọkọ̀ akẹ́rù sì ń wúwo sí i lọ́dọọdún, ohun tí ó ti jẹ́ ìbùkún di ìnira. Arìnrìn-àjò fẹ́ kọjá kíákíá. Oníṣòwò fẹ́ kí ó dúró. Ìyá tí ọmọ rẹ̀ ń ré títì kọjá lọ sí ilé ẹ̀kọ́ fẹ́ kí ọkọ̀ akẹ́rù gba ibòmíràn. Ìfẹ́ àwọn mẹ́ta wọ̀nyí ni ó bí ẹ̀ka mẹ́ta tí a ń rí lórí àwòrán ilẹ̀.

Báyìí ni wọ́n ṣe ń ṣe é. Lókè pátákó tí ó ní nọ́ńbà ọ̀nà, wọ́n a kan pátákó kékeré kan mọ́ ọn tí a kọ ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo sí. Bí ọ̀rọ̀ náà bá túmọ̀ sí òwò, ọ̀nà yẹn ni yóò mú ọ wọ àárín ìlú, níbi tí ilé ìtajà àti ilé oúnjẹ wà, lẹ́yìn èyí yóò tún mú ọ padà sí ojú ọ̀nà ńlá. Bí ó bá túmọ̀ sí ìyípo, ẹ̀yìn ìlú ni yóò gbé ọ gbà. Bí ó bá sì jẹ́ ti ọkọ̀ akẹ́rù, a jẹ́ pé ohun kan ń bẹ níwájú tí kò gba ẹrù wúwo: afárá tí kò lágbára, òkè tí ó ga jù, tàbí òpópónà tóóró. Lójú tèmi, ọgbọ́n ètò náà wà nínú pé nọ́ńbà kì í yí padà. Àlejò tí ó mọ̀ pé ọ̀nà 1 ni òun ń tọ̀ kò ní ṣìnà, ìbáà jẹ́ inú ìlú ni ó gbà tàbí ẹ̀yìn rẹ̀.

Nísinsìnyí, ẹ jẹ́ kí a padà sí ẹ̀bá Newark, ní ìpínlẹ̀ New Jersey, nítorí ìtàn ibẹ̀ dùn púpọ̀. Ní ọdún 1927 ni a ṣí Holland Tunnel, ọ̀nà abẹ́ omi tí ó wọ ìlú New York láti Jersey City. Mọ́tò wá ń rọ́ lọ síbẹ̀ bí omi. Odò méjì ni ó wà láàárín Newark àti Jersey City, Passaic àti Hackensack, afárá tí ó sì wà lórí wọn jẹ́ irú èyí tí a ń ṣí kí ọkọ̀ ojú omi lè kọjá. Nígbàkúùgbà tí a bá ṣí i, gbogbo mọ́tò a dúró. Láti gba àwọn ènìyàn lọ́wọ́ ìdádúró yìí ni ìjọba ìpínlẹ̀ náà ṣe kọ́ afárá onírin ńlá kan tí ó gùn tó ibùsọ̀ mẹ́ta àbọ̀, tí ó ga ní ẹsẹ̀ bàtà 135 lórí odò méjèèjì, kí ọkọ̀ ojú omi lè máa gba abẹ́ rẹ̀ láìdí ẹnikẹ́ni lọ́wọ́. Ní oṣù November ọdún 1932 ni a ṣí i. Pulaski Skyway ni orúkọ tí a sọ ọ́ lẹ́yìn náà.

Iṣẹ́ ńlá ni, ṣùgbọ́n àṣìṣe wà nínú rẹ̀. Ojú ọ̀nà rẹ̀ há. Kò sí ẹ̀bá tí ọkọ̀ tí ó bá bàjẹ́ lè yà sí. Àárín ọ̀nà gan-an ni àwọn tí ń gòkè bọ̀ láti ìsàlẹ̀ ti ń yọ sí àwọn tí ń sáré bọ̀. Jàǹbá pọ̀. Kò tíì pé ọdún méjì tí ìlú Jersey City fi ṣe òfin pé ọkọ̀ akẹ́rù kò gbọdọ̀ gun afárá náà mọ́. Ọdún 1934 ni èyí, òfin náà sì wà títí di òní. Níbo wá ni kí àwọn akẹ́rù gbà? Ojú ọ̀nà àtijọ́ nísàlẹ̀ ni, èyí tí ó tún ń gba orí afárá tí a ń gbé sókè fún ọkọ̀ ojú omi. Ẹ̀yin ará, ẹ ò rí nǹkan: ìdádúró tí a torí rẹ̀ kọ́ afárá gíga ni àwọn tí ń kó ẹrù tún padà sí. Ọ̀nà yìí, tí ó jẹ́ ibùsọ̀ mẹ́rin àti díẹ̀, ni ó ń jẹ́ 1 ti ọkọ̀ akẹ́rù, òun sì ni ọ̀rẹ́ mi rí tí ó rò pé ẹni tí ó ya àwòrán ni ó ṣì í yà.

Ti ìyípo kò gba ọ̀rọ̀ púpọ̀. Ní St. Louis, ọ̀nà 66 pín sí méjì fún ọdún púpọ̀: ọ̀kan gba àárín ìlú, ìkejì gba orí afárá Chain of Rocks lórí odò Mississippi, èyí tí a ṣí ní 1929, tí ó sì ṣẹ́ kọ́rọ́ ní àárín odò bí ìgbọ̀nwọ́ ènìyàn. Láti ọdún 1999, ẹlẹ́sẹ̀ àti oníkẹ̀kẹ́ ni ó ń rìn lórí rẹ̀.

Ti òwò ni ó gbẹgẹ́ jù. Ní ọdún 1956, Ààrẹ Eisenhower fọwọ́ sí òfin láti la àwọn ọ̀nà ńlá tuntun tí kò ní ìkóríta, tí kì í sì í gba ọjà ìlú kọjá. Ẹni tí ó bá ti rí àwọn ìyá wa tí wọ́n ń gbé ọsàn àti ẹ̀pà sáré tọ mọ́tò ní ibùdókọ̀ yóò mọ ohun tí èyí túmọ̀ sí. Seligman, ìlú kékeré kan ní Arizona, wà lórí ọ̀nà 66. Ní ọjọ́ 22 oṣù September ọdún 1978 ni wọ́n ṣí ọ̀nà 40 tuntun lẹ́yìn ìlú náà, mọ́tò tí ń gba iwájú ilé wọn kọjá sì dá wáí ní ọjọ́ kan náà. Àwọn ará Williams, ní ìlà-oòrùn ibẹ̀, pe ẹjọ́. Wọn kò yọ̀ǹda títí ìjọba fi gbà láti ṣe ẹnu ọ̀nà mẹ́ta tí ènìyàn lè gbà yà sí ìlú wọn. Ní October 1984, Williams ni ìlú ìkẹyìn lórí ọ̀nà 66 tí ọ̀nà tuntun yí ká. Pátákó aláwọ̀ ewé ni a ń fi sàmì sí irú ọ̀nà òwò bẹ́ẹ̀ nísinsìnyí, nígbà tí ti ọ̀nà ńlá tuntun fúnra rẹ̀ jẹ́ pupa àti búlúù.

Ṣùgbọ́n pátákó kì í fa ènìyàn lápá. Ní 1985, a pa nọ́ńbà 66 rẹ́ kúrò nínú ètò ọ̀nà pátápátá. Onígbàjámọ̀ kan ní Seligman, Angel Delgadillo, tí a bí sí ìlú náà, kó àwọn aládùúgbò rẹ̀ jọ ní 1987, wọ́n dá ẹgbẹ́ sílẹ̀, wọ́n sì rọ ìjọba Arizona títí ó fi kéde ọ̀nà láti Seligman dé Kingman ní ọ̀nà ìtàn, nínú ọdún náà gan-an. Wọ́n tún kan nọ́ńbà 66 padà sí ẹ̀bá rẹ̀, àwọn àlejò láti ilẹ̀ òkèèrè sì bẹ̀rẹ̀ sí yà kúrò lórí ọ̀nà 40 láti wá rí i, tí wọ́n ń ra oúnjẹ, tí wọ́n sì ń jókòó lórí àga onígbàjámọ̀ náà.