Níbo Ni Ìwé Ilẹ̀ Yín Wà?

 Ọ̀rọ̀ ilẹ̀ ni a fẹ́ bá yín sọ lọ́tẹ̀ yìí. Ẹlòmíràn lè wí pé, kí ni ó kan ìjọ nínú ilẹ̀ rírà? Ó kàn wá gidigidi, nítorí àwa ni a máa ń jókòó ti opó nígbà tí àwọn tí ó fẹ́ gba ilẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀ bá dé.

Bí ẹ bá ń rìn láti Ẹ̀gbẹ́dá dé Ìkọ̀tún, títí dé Ìgàndò, ẹ ó rí i lára ògiri ilé púpọ̀ tí wọ́n fi ọ̀dà kọ ọ́ pé ilé náà kì í ṣe títà. Ẹni tí ó kọ ọ́ mọ̀ pé ẹnì kan lè ta ilé òun nígbà tí òun bá wà níbi iṣẹ́. Ṣùgbọ́n ọ̀dà ara ògiri kọ́ ni ẹ̀rí níwájú adájọ́.

Ìyá kan wà nínú ìjọ wa. Ọkọ rẹ̀ ra pulọ́ọ̀tì méjì lọ́wọ́ ẹbí kan ní ìhà Ìgàndò, nígbà tí ibẹ̀ ṣì jẹ́ oko ẹ̀gẹ́. Ó san owó pé, ó gba rìsíìtì, ó kọ́lé sórí ọ̀kan, ó sì fi èkejì sílẹ̀ fún àwọn ọmọ. Inú báàgì lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì ni rìsíìtì náà wà.

Kò tí ì pé ọdún kan tí bàbá sùn nínú Olúwa tí àwọn kan fi mọ ògiri yí pulọ́ọ̀tì kejì ká. Àwọn àgbà tí ó ta ilẹ̀ náà ti kú, àwọn ọmọ wọn sì ní àwọn kò mọ bàbá náà rí. A tẹ̀ lé ìyá lọ sọ́dọ̀ lọ́yà. Lọ́yà wo rìsíìtì tí tàdáwà rẹ̀ ti ń parẹ́, ẹnì kan ṣoṣo ni ó sì fọwọ́ sí i. Ó béèrè jẹ́jẹ́ pé, “Màmá, díìdì ńkọ́?” Ìyá wo ojú wa. Kò gbọ́ orúkọ yẹn rí. Ẹni tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ rà á ní díìdì, ó sì ti fi orúkọ sílẹ̀ ní Alausa. Owó ẹjọ́ kò sí. Ìyá tún san owó fún ẹbí náà kí wọ́n tó fọwọ́ sí ìwé ilé tí ó ń gbé. Owó iléèwé àwọn ọmọ ni ó fi san án. Pulọ́ọ̀tì kejì lọ.

Àwọn kan yóò sọ pé, “Pásítọ̀, àdúrà ni a ó fi ṣọ́ tiwa.” Ẹ ṣí Jeremáyà orí 32. Nígbà tí ogun Bábílónì dó ti Jerúsálẹ́mù, tí wòlíì fúnra rẹ̀ wà ní àhámọ́, ó ra oko Hanameli ní Anatoti ní ṣékélì fàdákà 17. Ọlọ́run ni ó rán an, síbẹ̀ ó kọ ìwé, ó pe ẹlẹ́rìí, ó wọn owó. Ẹ̀dà méjì ni, ọ̀kan ní èdìdì, èkejì ní ṣíṣí sílẹ̀. Ó ní kí Bárúkù kó wọn sínú ìkòkò amọ̀ kí wọ́n lè pẹ́. Ẹni tí ó gba ìlérí Ọlọ́run gbọ́ kò fojú tẹ́ńbẹ́lú ìwé. Ó mọ̀ pé ọjọ́ ń bọ̀ tí òun kò ní sí níbẹ̀ láti sọ̀rọ̀.

Ní Amẹ́ríkà, ọ́fíìsì káúńtì ni wọ́n ti ń kọ díìdì sílẹ̀ ní ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀. Tiwa kì í ṣe ọ́fíìsì ìjọba ìbílẹ̀ Alimosho. Alausa ní Ìkẹjà ni. Ọ̀nà rẹ̀ nìyí.

Èkíní, kí ẹ tó san owó, ẹ mú ìwé sọ́fè lọ sí ọ́fíìsì Olórí Awọnlẹ̀ Ìpínlẹ̀ Èkó, kí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò bóyá ilẹ̀ náà bọ́ sínú èyí tí ìjọba ti gbà. Bí ẹbí bá ní ìjọba ti dá a padà fún abúlé, ẹ ní kí wọ́n fi ìwé ìkéde ìjọba hàn yín.

Èkejì, kí olórí ẹbí àti àwọn àgbà ẹbí jọ fọwọ́ sí i. Bí kò bá sí ọwọ́ olórí ẹbí níbẹ̀, òfin kò ka títà náà sí rárá. Bí olórí ẹbí bá tà á láìsí àwọn àgbà, wọ́n lè lọ sí kóòtù láti fagi lé e.

Ẹ̀kẹta, lọ́yà ni kí ó kọ díìdì, kì í ṣe ajẹ́ńtì. Ẹ so ìwé sọ́fè mọ́ ọn.

Ẹ̀kẹrin, ẹ tọrọ ìyọ̀ǹda Gómìnà. Òfin Lílo Ilẹ̀ ti ọdún 1978 fi ilẹ̀ ìpínlẹ̀ sí ìkáwọ́ Gómìnà nítorí gbogbo ará ìlú. Lẹ́yìn náà, ẹ ó san owó òǹtẹ̀ àti owó ìforúkọsílẹ̀. Wọn yóò kọ nọ́ńbà, ojú ìwé àti ìdìpọ̀ ìwé sára díìdì yín. Láti ọjọ́ náà, ẹnikẹ́ni tí ó bá lọ wádìí yóò bá orúkọ yín níbẹ̀.

Òótọ́ kan wà tí a kò gbọdọ̀ fi pamọ́: ìforúkọsílẹ̀ kì í sọ ilẹ̀ olè di ilẹ̀ tòótọ́. Bí ẹni tí ó tà á kò bá ni ín, òǹtẹ̀ Alausa kò wẹ̀ ẹ́ mọ́. Ìdí nìyí tí ìwádìí fi ṣáájú owó.

Ní ọdún 2016, Ìpínlẹ̀ Èkó ṣe òfin lòdì sí àwọn àjàgùngbalẹ̀. Ó ka fífi ipá wọ ilẹ̀ ẹni àti títa ilẹ̀ ẹbí lẹ́ẹ̀kejì sí ẹ̀ṣẹ̀ ọ̀daràn. A dúpẹ́. Ṣùgbọ́n ẹni tí yóò fi òfin náà jà gbọ́dọ̀ ní ìwé lọ́wọ́.

A mọ̀ pé owó ni. Ẹ jẹ́ kí táìlì dúró ná, kí ẹ parí ìwé. Ẹ̀yin ọkọ, ẹ kọ orúkọ ìyàwó yín mọ́ tiyín. Ẹ ṣe ẹ̀dà rẹ̀, ẹ fi ọ̀kan pamọ́ sí ibòmíràn, kí ẹ sì sọ fún ìyàwó àti àwọn ọmọ ibi tí ó wà. Lálẹ́ òní, lẹ́yìn àdúrà ìdílé, kí bàbá gbé báàgì náà jáde, kí gbogbo ilé jọ wo ohun tí ó wà nínú rẹ̀.

Olúwa kò ní jẹ́ kí àjèjì jogún iṣẹ́ ọwọ́ wa. Àmín.