Ẹ Gba Kóòdù Kí Ẹ Tó Yan Jẹ́lé-ó-sinmi: Ìlàlóye fún Òbí Ọmọ Ọdún Mẹ́ta ní England

Ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ oṣù Kẹsàn-án, iwájú káńtà wa, níbi tí a ti ń ran òbí lọ́wọ́, kì í gba ẹsẹ̀. Òbí á fa ọmọ lọ́wọ́ wọlé, á ní ilé-ìwé ti gbà á, aṣọ ti wà nílẹ̀, báàgì ti wà nílẹ̀. A ó béèrè kóòdù tí òbí tó ń ṣiṣẹ́ fi ń gba wákàtí 30 lọ́fẹ̀ẹ́ lọ́sẹ̀ ní jẹ́lé-ó-sinmi, wọ́n á ní àná ni àwọn gbà á. Àná yẹn gan-an ni wàhálà.

Bí a bá wádìí ohun tó fà á, ọ̀rọ̀ kan náà la máa ń gbọ́. Bàbá fẹ́ ilé-ìwé elédè, níbi tí wọ́n ti ń fi Faransé tàbí Sípáníìṣì bá ọmọ sọ̀rọ̀ láti àárọ̀ títí wọ́n á fi ṣíwọ́. Ìyá fẹ́ ilé-ìwé eléré, tí ọmọ á ti máa fi iyanrìn àti omi kọ́ nǹkan. Wọ́n fà á títí oṣù Kẹjọ fi parí, torí wọ́n rò pé ó dìgbà tí àwọn bá mọ ibi tí ọmọ ń lọ kí àwọn tó gba kóòdù. Kò rí bẹ́ẹ̀. Kóòdù kò mọ orúkọ ilé-ìwé kankan. Ẹ gbà á sọ́wọ́ ná, kí ẹ wá máa bá àríyànjiyàn yín lọ.

Ọjọ́ mẹ́ta tí kì í yẹ̀

Ọmọ kì í bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ ètò wákàtí ọ̀fẹ́ ti ọmọ ọdún mẹ́ta lọ́jọ́ ìbí rẹ̀ gan-an. Sáà ẹ̀kọ́ tó tẹ̀ lé ọjọ́ ìbí náà ni. Ẹni tó pé mẹ́ta láàárín ọjọ́ 1 oṣù Kíní sí ọjọ́ 31 oṣù Kẹta, sáà oṣù Kẹrin ni tirẹ̀. Láàárín ọjọ́ 1 oṣù Kẹrin sí ọjọ́ 31 oṣù Kẹjọ, sáà oṣù Kẹsàn-án. Láàárín ọjọ́ 1 oṣù Kẹsàn-án sí ọjọ́ 31 oṣù Kejìlá, oṣù Kíní ọdún tó tẹ̀ lé e. Ẹ wo ọmọ méjì ládùúgbò kan: ọ̀kan pé mẹ́ta lọ́jọ́ 31 oṣù Kẹta, èkejì lọ́jọ́ kejì rẹ̀. Ti àkọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ ní oṣù Kẹrin. Èkejì á dúró di oṣù Kẹsàn-án. A mọ̀ pé ó ń dunni, ṣùgbọ́n ẹ̀bẹ̀ kò lè yí i padà.

Wákàtí 15 lọ́sẹ̀, fún ọ̀sẹ̀ 38 lọ́dún, ti gbogbo ọmọ ọdún mẹ́ta àti mẹ́rin ni. Èyí kò fẹ́ kóòdù. Ẹ mú ìwé ẹ̀rí ọjọ́ ìbí ọmọ tàbí pásípọ́ọ̀tù rẹ̀ lọ bá ilé-ìwé. Wákàtí 30 ló ń fa ariwo. Ti òbí tó ń ṣiṣẹ́ ni. Bí òbí bá jẹ́ méjì, owó tó ń wọlé fún ẹnì kọ̀ọ̀kan kò gbọ́dọ̀ dín sí owó iṣẹ́ wákàtí 16 lọ́sẹ̀ ní iye tó kéré jù tí òfin gbà, kò sì gbọ́dọ̀ ju £100,000 lọ́dún lọ. Orí GOV.UK lẹ ti ń béèrè. Wọ́n á fún yín ní kóòdù onínọ́ńbà 11. Kóòdù náà gbọ́dọ̀ ti wà lọ́wọ́ yín, ó pẹ́ tán, lọ́jọ́ 31 oṣù Kẹjọ fún sáà oṣù Kẹsàn-án, lọ́jọ́ 31 oṣù Kejìlá fún sáà oṣù Kíní, lọ́jọ́ 31 oṣù Kẹta fún sáà oṣù Kẹrin. Ẹni tó gba tirẹ̀ lọ́jọ́ 1 oṣù Kẹsàn-án, ó di oṣù Kíní. Wákàtí 15 ti gbogbo ayé ṣì wà fún un, àmọ́ àpò ara rẹ̀ ni yóò ti san ìyókù.

Èsì lè jáde lójú ẹsẹ̀, ó sì lè gba ọjọ́ méje. Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń tẹ fóònù lálẹ́ ọjọ́ 30 oṣù Kẹjọ, tẹ́tẹ́ ló ń ta.

Ohun kan tún wà. Lóṣù mẹ́ta-mẹ́ta, ẹ gbọ́dọ̀ padà sórí GOV.UK láti sọ pé iṣẹ́ yín ṣì wà bó ṣe wà, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, kóòdù á kú. Ìyá kan ṣí fóònù rẹ̀ níwájú wa: ìkìlọ̀ mẹ́ta ló wà nínú ímeèlì rẹ̀ tí kò tíì kà. Ó ní ìpolówó ọjà lòun pè é.

Èwo ká yàn?

Ilé-ìwé elédè àti ilé-ìwé eléré, méjèèjì wà lábẹ́ ìlànà kan náà tí ìjọba ń pè ní EYFS. Ìlànà yẹn ní eré ni kí wọ́n fi kọ́ ọmọ kékeré, kò sì yọ ilé-ìwé elédè sílẹ̀. Wọ́n tún gbọ́dọ̀ rí i pé Gẹ̀ẹ́sì ọmọ dán mọ́rán kí ó tó wọ Year 1. Nítorí náà, ẹ má wo orúkọ tó wà lára ògiri. Ẹ lọ wo ibẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ iṣẹ́. Bí olùkọ́ bá ń sọ Faransé bó ṣe ń bá ọmọ da omi sínú ife, bó ṣe ń bá a wọ bàtà, èdè á wọ ọmọ lára. Bí wọ́n bá tò wọ́n sórí àga, tí wọ́n ń ké orúkọ àwọ̀ tẹ̀ lé káàdì bí odídẹrẹ́, owó yín ń ṣòfò.

Ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bọ́ sínú èdè tuntun lè dákẹ́ fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, nígbà mìíràn fún oṣù. Ó ń gbọ́ ni. Ẹ má torí ẹ̀ pa Yorùbá tì nílé. A ti rí ọmọ tó mọ àwọ̀ mẹ́wàá ní Faransé tí kò lè kí ìyá àgbà lórí fóònù. Ìlànà ìjọba ní kí ilé-ìwé wá àyè fún èdè tí ọmọ ń sọ nílé. Ẹ ràn wọ́n lọ́wọ́: ẹ kọ "ebi ń pa mí", "omi", "mo fẹ́ tọ̀" sórí ìwé fún olùkọ́.

Owó tí wọ́n lẹ̀ mọ́ èdè

Kì í ṣe gbogbo ilé-ìwé ló wà nínú ètò ọ̀fẹ́, ẹ béèrè kí ẹ tó fọwọ́ sí ohunkóhun. Èyí tó bá wà níbẹ̀ lè gba owó oúnjẹ, ìlédìí tàbí ẹ̀kọ́ àkànṣe, ṣùgbọ́n kò gbọ́dọ̀ sọ ọ́ di dandan kí ọmọ tó rí àyè. Bí wọ́n bá ní ẹni tí kò san owó èdè kò ní àyè, ẹ ní kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀, kí ẹ mú ìwé náà wá fún wa.

Físà àti àjẹ́ńtì

Físà tó ní kí ẹ má gba owó ìjọba kò dí wákàtí 15 ti gbogbo ọmọ lọ́wọ́. Ti wákàtí 30 yàtọ̀: ó kéré tán, ọ̀kan nínú òbí gbọ́dọ̀ ní ẹ̀tọ́ sí owó ìjọba.

Kọ́bọ̀ kan kì í wọ fọ́ọ̀mù kóòdù náà. Àjẹ́ńtì orí WhatsApp tó ní òun á bá yín mú un yá kò ní ọ̀nà ẹ̀yìn kankan. Nọ́ńbà National Insurance yín àti ọ̀rọ̀ aṣínà yín ló ń gbà. Bí fọ́ọ̀mù bá ṣòro fún yín, ẹ gbé fóònù yín wá sí káńtà, a ó jọ kún un lọ́fẹ̀ẹ́. Ẹ jọ̀wọ́, oṣù Keje ni kí ẹ wá.