Tẹ̀tẹ̀ àti Àgbàdo: Èwo Ló Ń Mówó Wálé Jù?



Ṣé ẹ ti bi ara yín rí pé kí ló dé tí ìdì ẹ̀fọ́ tútù kékeré fi máa ń wọ́n tó bẹ́ẹ̀ níbí? Láti oko ni ọ̀rọ̀ náà ti bẹ̀rẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká wo àgbẹ̀ kan nílẹ̀ Yorùbá tí ilẹ̀ rẹ̀ kò pọ̀. Bó bá gbin tẹ̀tẹ̀, ọ̀sẹ̀ 3 sí 4 ni yóò tó fà tà. Àgbàdo ní tirẹ̀ ń lo nǹkan bí oṣù 3 sí 4 kó tó gbó, kó sì gbẹ. Kí olóko àgbàdo tó kórè lẹ́ẹ̀kan, ẹlẹ́fọ̀ọ́ tó ní omi lè ti tà lẹ́ẹ̀mẹta. Tí owó ilé ìwé ọmọ bá dé, ẹ̀fọ́ ló tètè ń dáni lóhùn.

Àmọ́ owó yẹn kì í ṣe ọ̀fẹ́. Lẹ́ẹ̀rùn, ẹlẹ́fọ̀ọ́ ní láti bomi rin ín láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́. Ó ń tu koríko, ó ń ra ìgbẹ́ adìẹ. Tó bá fà á tán, wàrà-wàrà ló gbọ́dọ̀ dé ọjà. Tó bá di ìrọ̀lẹ́ tí kò tíì tán, ìyá ẹlẹ́fọ̀ọ́ á lù ú ní gbàǹjo, nítorí ẹ̀fọ́ òní kì í di tọ̀la. Nígbà òjò, tí gbogbo èèyàn ń gbìn ín, owó rẹ̀ á wálẹ̀. Lẹ́ẹ̀rùn, ẹni tó ní akùrọ̀ ló ń jèrè.

Àgbàdo ní sùúrù. Tó bá gbẹ dáadáa, tí kòkòrò kò wọ̀ ọ́, ó lè wà nínú àká fún ọ̀pọ̀ oṣù títí ọjà á fi gbé owó lé e. Bí kò bá tà, ògì ni, ẹ̀kọ ni, oúnjẹ adìẹ ni. Ewé nìkan kò sì lè yó ilé.

Kò sí èyí tí kò léwu. Ní oṣù Karùn-ún ọdún 2016, kòkòrò kan run oko tòmátì ní Kaduna débi pé ìjọba ìpínlẹ̀ náà kéde pàjáwìrì. Ọdún yẹn kan náà ni kòkòrò mìíràn, tó ti Amẹ́ríkà wá, bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ àgbàdo ní Nàìjíríà. Ìdí nìyí tí ọ̀pọ̀ àgbẹ̀ fi ń gbin méjèèjì: àgbàdo lórí ilẹ̀ gíga nígbà òjò, ẹ̀fọ́ ní akùrọ̀ lẹ́ẹ̀rùn.

Ohun gbígbẹ bíi gaàrí lè wọ ọkọ̀ ojú omi fún ọ̀sẹ̀ púpọ̀. Ẹ̀fọ́ tútù tó ń ti ilé bọ̀, bàálù ló ń wọ̀, àwa tí a ń rà á la sì ń san owó bàálù náà.

Ẹ̀yin ọmọ, tí ẹ bá bá màmá tàbí dádì lọ sọ́jà, ẹ wo iye tí ìdì ẹ̀fọ́ kan jẹ́ àti iye tí àpò gaàrí kan jẹ́. Ẹ kọ ọ́ ní Yorùbá, kí ẹ mú un wá ní Sátidé. A ó jọ ṣírò rẹ̀.